Iyọ̀ Kì Í Sọnù Sínú Omi

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ n'Ìwó, ìlú Odídẹrẹ́, kẹ́mísìrì la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sá! Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ yín ni, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru sì ni.

Ẹ bu iyọ̀ sómi, ẹ rò ó pọ̀, ẹ ò rí iyọ̀ mọ́. Ṣé ó ti sọnù ni? Rárá o! Ẹ tọ́ ọ wò. Ó yòrò ni. Ẹ máa bù ú sí i, omi á yó nígbà tó bá yá, èyí tó kù á jókòó sísàlẹ̀. 100 gíráàmù omi kò lè gbà ju nǹkan bíi 36 gíráàmù iyọ̀ lọ.

Yíyòrò nìyẹn. Kíki tún yàtọ̀. Ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná a máa níyọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi iyọ̀ kún un. Omi ló lọ, iyọ̀ dúró. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Èwo ni tọmọ níbẹ̀? Lọ́dún 1971, nígbà ogun Bangladesh, onígbáméjì ń pa àwọn tó sá wọ Íńdíà. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 30 ló ń kú. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti glúkóòsì sómi fún wọn mu. Àwọn tó ń kú kò tó 4 mọ́. Ṣúgà ló ń bá ìfun fa iyọ̀ wọlé, omi á sì tẹ̀ lé iyọ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá ki jù, ọ̀tá ni! Ẹ ti rí ìgbín tí wọ́n da iyọ̀ sí lára, bí omi ṣe ń tú jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń fa omi lára ọmọ.

Ẹ ò jẹ́ ra gàrí l'Ódò-Ọ̀rì kẹ́ ẹ má wo kóńgò. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń fojú díwọ̀n omi ọmọ? Ẹ ka ara páálí ORS. Bó bá ní lítà kan, píọ̀ wọ́tà 50cl méjì ni. Ẹni tó dà á sínú ẹyọ kan ti jẹ́ kó ki ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó dà á sí mẹ́rin, ìdajì agbára rẹ̀ ló kù.

Bí kò bá sí ORS ńkọ́? Lítà kan omi mímọ́, ṣíbí tíì ṣúgà 6, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ṣíbí tẹ́jú, kó má ga gègèrè. Ẹ tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ po òmíràn.

Ẹ má dá ọmú dúró o. Bí ojú ọmọ bá jìn sínú, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má dúró po nǹkan kan nílé, ọsibítù yá!

Omi ni yóò dànù, agbè ò ní fọ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.