Taslim Elias àti Òfin Ilẹ̀ Baba Wa

Gbogbo wa ni a mọ bí ọkàn àgbẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé kóòtù ńlá. Ó mọ ibi tí baba rẹ̀ gbin pèrègún sí láti fi ṣe ààlà. Ó mọ ẹni tí ó wá tọrọ oko lọ́wọ́ baba náà, àti ohun tí onítọ̀hún ń gbé wá lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dúró níwájú adájọ́, tí lọ́yà sì bi í pé inú ìwé wo ni a kọ àṣà náà sí, ẹnu rẹ̀ a wúwo. Nítorí ọ̀ràn yìí ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nípa ọkùnrin kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí ìbéèrè lọ́yà náà, èyíinì ni Taslim Ọláwálé Elias, ọmọ Èkó.

Ọdún 1914 ni a bí i, ọdún kan náà tí Lugard so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Ó kàwé ní CMS Grammar School àti ní Igbobi College, ṣùgbọ́n kò ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Òyìnbó bí ọmọ olówó. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó kọ́kọ́ ṣe, ní ọ́fíìsì àwọn olùyẹ̀wò owó ìjọba àti ní Rélùwéè. Ní ọdún 1944 ni ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1947 ó di lọ́yà, nígbà tí ó sì di 1949 ó ti gba oyè Dókítà nínú ìmọ̀ òfin.

Nígbà tí ó wà lọ́mọdé ni Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tọ Ìgbìmọ̀ Ọba lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Herbert Macaulay bá a lọ. Ìjọba Òyìnbó ti gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì fẹ́ san owó fún olóyè náà bí ẹni tí kò ní ju ẹ̀tọ́ gbígba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 1921 Ìgbìmọ̀ náà dá a láre: ará ìlú ni ó ni ilẹ̀, owó onílẹ̀ sì ni kí ìjọba san. Kò sí ọmọ Èkó tí kò gbọ́ ìròyìn ẹjọ́ náà.

Síbẹ̀, ìṣẹ́gun kan kò parí ogun. Ohun tí àwọn adájọ́ Òyìnbó ń sọ ni pé àṣà ìbílẹ̀ kò di òfin níwájú wọn títí ẹlẹ́rìí yóò fi wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, bí ẹni pé ọ̀ràn àjèjì ni, nínú ẹjọ́ kan lẹ́yìn èkejì, àyàfi bí kóòtù bá ti gbà á tán. Bí a tilẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọn a tún fi ẹ̀rí ọkàn tiwọn wọ̀n ọ́ wò. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn láàrin wọn tilẹ̀ ń wí pé ènìyàn dúdú kò ní òfin, pé ìṣesí lásán ni ó ní. Ní ọdún 1951 Elias tẹ ìwé rẹ̀ lórí òfin àti àṣà ilẹ̀ Nàìjíríà jáde. Ní ọdún 1956 ó tún tẹ òmíràn lórí irú ohun tí òfin ìbílẹ̀ Áfíríkà jẹ́. Ó to àwọn ìdájọ́ àtijọ́ jọ, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó sì fi hàn pé òfin ni òfin wa. Bí a bá ní kí á sọ ọ̀kan nínú àwọn òfin ilẹ̀ náà bí a ti ń sọ ọ́ lábẹ́ igi ọ̀dán, kì í ṣe ohun tuntun sí ẹnikẹ́ni: ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan, olórí ẹbí kò sì gbọdọ̀ dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí àgbà sọ ọ́ lábẹ́ igi, ó sì yàtọ̀ kí ó wà nínú ìwé tí lọ́yà lè ṣí níwájú adájọ́.

Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, òun ni a fi ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà àti Mínísítà Ètò Ìdájọ́ àkọ́kọ́. Ní àkókò rẹ̀, ní 1962, ni a ṣe òfin tí ó dá Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà sílẹ̀, kí ọmọ wa má baà ní láti la òkun kọjá kí ó tó lè di lọ́yà. Ní 1966 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àti Díìnì ẹ̀ka òfin ní Yunifásítì Èkó.

A kò ní fi ìkà mẹ́sàn-án ka mẹ́wàá. Òun ni Agbẹjọ́rò Àgbà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì sórí Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962, tí a sì rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ní 1963. Òun náà ni ó wà níbẹ̀ ní 1970, nígbà tí kóòtù tí ó ga jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Lakanmi pé ìjọba ológun kò lè fi òfin ṣe iṣẹ́ adájọ́, tí àwọn ológun sì fi òfin mìíràn pa ìdájọ́ náà rẹ́. Ó dùn wá pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sìn. Ní 1972 ó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Ní 1975 àwọn ológun mìíràn gba ìjọba, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nípò náà.

Kò pẹ́ tí wọ́n yọ ọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé dìbò yàn án, ní ọdún 1975 kan náà, sí Kóòtù Àgbáyé tí ó wà ní Hague ní ilẹ̀ Holland. Ẹni tí wọ́n ní kí ó máa lọ ní ilé di ààrẹ kóòtù náà ní 1982, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé ibẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni kóòtù náà sọ ní 1984 pé òun ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ tí Nicaragua, orílẹ̀-èdè kékeré, pe Amẹ́ríkà. Ó kú ní 1991.

Nígbà tí ó wà ní Hague, ìyẹn ní 1978, ni àwọn ológun ṣe òfin ilẹ̀ tí ó fi gbogbo ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀. Òfin náà wà síbẹ̀ títí di òní, Ìwé Òfin 1999 sì dáàbò bò ó. Lóòótọ́, ó gbà kí ẹni tí ó ti ń dáko tẹ́lẹ̀ máa dáko rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá gba oko kòkó lónìí, iye igi kòkó àti ilé ni wọn yóò ṣírò owó lé lórí. Ilẹ̀ gan-an kò ní iye lójú wọn ju owó ilẹ̀ tí a san lọ́dún náà lọ. Ohun tí Olóyè Olúwa gbà lọ́wọ́ Òyìnbó ní 1921 ni àwa fúnra wa tún gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ wa. A fẹ́ kí àwọn aṣòfin tún apá yìí ṣe, a ó sì máa sọ ọ́ títí wọn yóò fi ṣe é.

Nǹkan kejì tí a ń bèèrè ni pé kí àwọn ẹ̀ka òfin ní Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó kó kókó inú ìwé 1951 náà sí èdè Yorùbá, ní iye owó tí àgbẹ̀ lè rà. Kí èyí tó tẹ wá lọ́wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ẹbí, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà nígbà tí ojú wọn ṣì ríran. Ẹ rìn yí ààlà ká. Kí ọmọ tí ó mọ̀wé kọ orúkọ àwọn aládùúgbò àti ti àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka, kí a sì ṣe é ní ẹ̀dà méjì.