ÌDÌBÒ Ń BỌ̀: TA LÓ Ń RA JÀGÍDÍJÀGAN?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí wa àti ẹ̀yin àbúrò wa ní gbogbo ọjà Festac, Agboju, Mile 2 àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lápapọ̀,  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdìbò ọdún 2027 ni. Ẹgbẹ́ wa kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ọmọ APC wà láàárín wa, ti Labour wà, ti PDP náà wà, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ òṣèlú sétí rárá sì wà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ń sáré ti ìsọ̀ nígbà tí àwọn tọ́ọ̀gì bá dé. Ìdí nìyẹn tó fi kàn wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń bi wá ni pé, láti 1999 tí sọ́jà ti lọ, tí a ti ń dìbò ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, kí ló dé tí igi, igo àti àdá ò kúrò níbẹ̀? Ṣebí ìjọba àwa-ara-wa ni wọ́n pè é?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Àwọn àgbà wa rántí wẹ́tíẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹwàá 1965, wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti mọ́tò, wọ́n ń sun ún. Ní January 15, 1966, sọ́jà gbàjọba. Ní 1983, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ló wọlé, ni iná bá sọ ní Àkúrẹ́, ẹ̀mí ṣòfò. Ilé ẹjọ́ padà dá Adékúnlé Ajásin láre, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ò lè jí òkú. Ní December 31 ọdún náà, sọ́jà tún dé. Ní Kenya, lẹ́yìn ìdìbò December 2007, ẹni tó kú lé ní 1,000. Amẹ́ríkà pàápàá, ní January 6, 2021, èrò ya wọ ilé aṣòfin wọn torí pé ẹni tí wọ́n fẹ́ ò wọlé.

Ní tiwa ńkọ́? Ní February 25, 2023, nínú ìdìbò Ààrẹ, Labour ní 582,454 l'Ékòó, APC ní 572,606. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó 10,000. Kó tó di ti gómìnà ní March 18, ọ̀rọ̀ ti di ta ni onílé, ta ni àlejò. Lọ́jọ́ náà, wọ́n lé èèyàn kúrò ní ibùdó ìdìbò ní oríṣiríṣi àdúgbò l'Ékòó, wọ́n ń wojú èèyàn, wọ́n ń fi ẹ̀yà dá a dúró. Àwọn tó wá ṣọ́ ìdìbò láti Yúróòpù kọ Èkó mọ́ ibi tí tọ́ọ̀gì ti da ìdìbò rú. Orúkọ tó wà nínú ìwé lé ní mílíọ̀nù 7, ìbò tí wọ́n kà ò tó 1,200,000. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fojú ọjà wò ó. Ọjà tí kò bá ní oníbàárà, a kì í pàtẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Jàgídíjàgan ní oníbàárà ni kò ṣe tán.

Èkíní, èrè ibẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá wọlé ló ni kọ́ńtíráàtì, òun ló ni iṣẹ́, òun ló ni owó. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ọwọ́ òfo. Èkejì, owó rẹ̀ ò wọ́n. Kéèyàn tó lè fa ẹgbẹ̀rún èèyàn mọ́ra, àfi kó ṣe títì, kó fa omi. Láti lé ẹgbẹ̀rún èèyàn wọlé, ọmọkùnrin mẹ́wàá àti ògógóró ti tó. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń jẹ̀bi ò tó nǹkan. Òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 2022 ti sọ pé ẹni tó bá fipá dí olùdìbò lọ́wọ́ á san mílíọ̀nù kan náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Mélòó lẹ mọ̀ tó lọ? Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Uwais ti ní 2008 sọ pé kí wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa mú irú wọn. Ìgbìmọ̀ Sheikh Lemu tún un sọ ní 2011. Ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i ní 2021, sáà wọn parí ní 2023, kò di òfin.

Ẹ̀kẹrin ló dùn wá jù: ọmọ wa ni ọjà tí wọ́n ń rà. Ẹ ti rí ọmọ olóṣèlú kan rí tó gbé igo lójú títì? Tiwa ni wọ́n ń rán. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ṣùgbọ́n ó ṣeé dín kù. Kí wọ́n tó dìbò 2007, àwọn oníwàádìí méjì, Paul Collier àti Pedro Vicente, pẹ̀lú àjọ ActionAid, yan àwọn àdúgbò kan ní Nàìjíríà. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ṣeré ìtàgé, wọ́n ní kí aráàlú má dìbò fún ẹni tó bá ń lo tọ́ọ̀gì. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, ẹ̀rù dín kù, èèyàn tó jáde dìbò sì pọ̀ sí i ju ibi tí wọn ò dé lọ. Ẹ ò rí i pé ohun tí ẹnu obìnrin ọjà lè ṣe ni?

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín sí nìyí. Ìsọ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ibi tí wọ́n ń kó igi àti igo pamọ́ sí. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ìdìbò ku ọ̀la. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń halẹ̀ mọ́ ará ọjà torí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ fi tó Ìyálọ́jà leti kíá. Lẹ́yìn àjọ̀dún 1977, gègé ni wọ́n ṣẹ́ pín ilé Festac yìí, Yorùbá mú, Ìgbò mú, Hausa mú. Ẹni tó ń ra ata lọ́wọ́ wa kì í ṣe ọ̀tá wa. Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ jẹ́ ká jọ jáde láàárọ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ́, ká dì í, ká padà sílé. Olóṣèlú tó bá sì wá bá wa lọ́jà, kó tó pín ìrẹsì, ẹ bi í léèrè níwájú gbogbo èèyàn: àwọn ọmọ wo ló ń tẹ̀lé ọ, kí ló sì wà lọ́wọ́ wọn?

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwa la wà lọ́jà yìí o.

Ọjà ò ní tú mọ́ wa lórí. A ò ní fọmọ ṣòfò. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́