Ìwé Inú Ìgò àti Ìwé Tí A Fi Ń Di Àkàrà

Ní ọdún 1959, nígbà tí ó pé igba ọdún tí Arthur Guinness ti dá ilé ọtí rẹ̀ sílẹ̀ ní Dublin, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ṣe ohun kan tí ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò pè ní ìnákúnàá: wọ́n kó 150,000 ìgò fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi pé kí wọ́n máa jù wọ́n sínú òkun Àtìláńtíìkì, ìwé sì wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n fi orúkọ Neptune, ọba òkun àwọn òyìnbó, kọ, àfi bí ẹni pé Olókun, ọba omi alágbalúgbú, fúnra rẹ̀ ni ó ń kí ẹni tí yóò he é. Ìwé mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ń kọ́ni bí a ti í sọ ìgò náà di àtùpà orí tábìlì. Ìpolówó ọjà ni, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn ṣì ń rí irú ìgò bẹ́ẹ̀ he létí òkun. Ní 1962 ilé-iṣẹ́ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí dúdú ní Ìkẹjà, àwa ará Ọmọ́lé, Ọ̀gbà àti Agége sì di aládùúgbò ìgò.

Ẹni tí ó bá bi mí léèrè ìdí tí ìgò náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, n ó dá a lóhùn pé àwọn tí ó jù wọ́n mọ ìwà òkun: èyí tí yóò fọ́ yóò fọ́, èyí tí yóò rì yóò rì, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò gúnlẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò. Ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897 ni a fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, tí ó sì dàwátì síbẹ̀. Johnson sì re ìwàlẹ̀ àsà ní 1901 láì fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀ tí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi í ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jámánì lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1921 kí ìwé náà tó jáde. Àwọn kan a máa ní orí ni ó gbè é. N kò jiyàn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ẹbí kò kó dà nù ni orí náà rí ṣiṣẹ́ lé.

Ẹ wá wo ẹkùn tiwa. Ilé-iṣẹ́ kan yóò kógbá sílé, wọn a ta ẹ̀rọ, wọn a ṣí páànù òrùlé tà, wọn a sì kó ìwé fún àwọn tí ń fi kílò ra bébà. Alákàrà ìdí pópó ni yóò fa ewé kan ya nínú fáìlì, epo yóò mú kí ó máa hàn gaara lódìkejì, ẹni tí kò bá kánjú jẹun yóò sì rí orúkọ òṣìṣẹ́ kan, iye wákátì tí ó fi ṣe ófátáìmù, àti àtàǹpàkò tí ó fi tẹ̀ka nítorí pé kò mọ̀wé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni. Bàbá onítọ̀hún lè wà láàyè ní Agége, kí ó máa wá ẹ̀rí tí yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Títí di 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìjọba kan ti bá wa kó gbogbo ìtàn wa jọ síbì kan. Ó yẹ kí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn kọ́kọ́ kó ìwé rẹ̀ fún LASRAB, ọ́fíìsì ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ìjọba bá sì ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́, MAN, tí ó fi Ìkẹjà ṣe ibùjókòó, lè gba ilé ìkẹ́rù kan tí ó ṣófo, kí wọ́n fi akọ̀wé méjì síbẹ̀, kí wọ́n má sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bí ìwé ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Alákàrà pàápàá lè gbé fáìlì rẹ̀ wá, kí wọ́n fún un ní ìwé ìròyìn àná dípò rẹ̀, títí kan èyí tí ẹ ń kà yìí.