Iṣẹ́ Ìwádìí Náà, Òwò Ni: Ìpín Tiwa Ńkọ́?

Ojú ewé òwò la wà yìí, ọ̀rọ̀ owó náà ni mo sì bá wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ létí yín.

Bí ọmọ bá wá bá òbí rẹ̀ nínú ilé wa níhìn-ín, tó ní, "Dádì, dókítà ni mo fẹ́ ṣe," inú gbogbo ilé á dùn. Tó bá ní lọ́yà tàbí ẹnjiníà ni, a ó tún yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà ní òun fẹ́ fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣèwádìí lórí ohun kan ṣoṣo, bóyá bí àwọn tálákà ṣe ń san gbèsè, tàbí èròjà kan báyìí nínú ẹ̀jẹ̀, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ṣé ìyẹn ni wàá máa jẹ?" Òbí tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀. Ìdáhùn tí a máa ń fún ara wa ni kò dára. Èrò tèmi ni pé òwò ńlá ni iṣẹ́ ìwádìí tó jinlẹ̀, àti pé àwa Yorùbá ti dá tiwa sínú òwò náà tipẹ́. Èrè rẹ̀ ni a kò tíì máa gbà bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ èsúsú. Àwọn ìyá wa dá a lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń dá a níhìn-ín. Ní ọdún 1952, William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ti gbé láàárín àwa Yorùbá, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí èsúsú gẹ́gẹ́ bí ètò owó yíyá tiwa. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Timothy Besley, Stephen Coate àti Glenn Loury, fi ìṣirò ṣàlàyé nínú American Economic Review ìdí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi ń mú èrè wá. Ẹ wò ó báyìí: ká ní ènìyàn mẹ́wàá ń fi owó pamọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ra ohun kan tó gbówó lórí, oṣù kẹwàá ni gbogbo wọn á tó rí i rà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pa owó náà pọ̀, tí wọ́n ń kó o lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́sàn-án ló máa rí i rà ṣáájú oṣù kẹwàá, ẹni tó kó gbẹ̀yìn kò sì pẹ́ ju bí ì bá ti pẹ́ lọ. Ohun tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ lórí àga ìsọ̀ ni wọ́n gbé sínú ìwé yẹn.

Kò tán síbẹ̀. Ọmọ Èkó kan, Abbey Wemimo, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Samir Goel, dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní New York, wọ́n sì sọ ọ́ ní Esusu. Iṣẹ́ wọn ni pé kí owó ilé tí ayálégbé ń san lásìkò lè wọ inú àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn olùdókòwò kó 130 mílíọ̀nù dọ́là sínú iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì ka iye rẹ̀ sí bílíọ̀nù kan dọ́là. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọjà tí a fojú di lè di ohun tí ayé ń dù?

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí ìlera. Láti Addison, ẹ gba Tollway lọ sí ìhà gúúsù, kò jìnnà kí ẹ tó dé UT Southwestern ní Harry Hines. Ibẹ̀ ni Michael Brown àti Joseph Goldstein ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cholesterol, èyí tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Dallas Heart Study ní ọdún 2000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Dallas County ló kópa nínú rẹ̀, àwọn adúláwọ̀ sì tó ìdajì wọn. Helen Hobbs àti Jonathan Cohen yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí cholesterol wọn lọ sílẹ̀ gan-an wò. Ní 2005, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí ènìyàn méjì nínú ọgọ́rùn-ún adúláwọ̀ ló ní irú àbùdá PCSK9 kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní 2006, wọ́n tún fi hàn pé àwọn adúláwọ̀ tí tiwọn rí bẹ́ẹ̀, cholesterol burúkú wọn fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù, àrùn ọkàn tí òpó ẹ̀jẹ̀ dídí ń fà sì fi ìdá 88 dín láàárín wọn.

Àwọn iléeṣẹ́ oògùn gbọ́ èyí, wọ́n ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe oògùn tí yóò dá PCSK9 dúró lára àwọn tí a kò bí mọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí méjì nínú rẹ̀, Praluent àti Repatha. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan ju 14,000 dọ́là lọ lọ́dún. Ọdún 2018 ni Amgen tó gé iye Repatha sí 5,850 dọ́là. Ara ẹ̀jẹ̀ àwọn adúláwọ̀ ará Dallas níbí ni ìmọ̀ yìí ti jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn kò lè ra oògùn náà nígbà tó kọ́kọ́ dé ọjà.

Ilé ńkọ́? Nígbà tí àwọn onímọ̀ káríayé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní 2002 láti mọ ibi tí àbùdá ènìyàn ti yàtọ̀ síra, ènìyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lo. Aadọ́rùn-ún nínú wọn jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Títí dòní, tí onímọ̀ àbùdá níbikíbi láyé bá rí lẹ́tà mẹ́ta yìí, YRI, ó mọ̀ pé Yorùbá Ìbàdàn ni. Ṣáájú ìyẹn, ní 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ti pawọ́ pọ̀ wádìí àìsàn tí ń mú arúgbó ṣarán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti Hugh Hendrie ló ṣíwájú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi sì tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ lẹ́yìn ikú Osuntokun ní 1995. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó, iye tí àìsàn náà ń mú lọ́dún jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Àwọn bàbá àti ìyá àgbà ní àdúgbò Ìdíkàn ló jókòó dáhùn ìbéèrè kí ayé tó mọ èyí.

Gẹ́gẹ́ bí olùṣírò owó, ojú ewé méjì ni mo máa ń wò: ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ìmọ̀ àwọn ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ wa àti àsìkò àwọn arúgbó wa wà nínú owó ìdókòwò yìí. Èrè ti wá nínú rẹ̀, mi ò ní purọ́. Oògùn tó dára kì í ṣe ti ẹnì kan. Ṣùgbọ́n èrè tó pọ̀ jù, ipò, ẹ̀tọ́ oníhun àti ìpín iléeṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè ìbéèrè ló ń lọ. Ẹni tó béèrè náà ló sì ń yan ohun tí wọ́n máa wá. Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ìṣègùn ní Ìbàdàn ní 1980, tó wá di àgbà ọ̀jẹ̀ ní Chicago. Òun ló tẹra mọ́ ìbéèrè pé kí ló dé tí jẹjẹrẹ ọyàn fi ń mú àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní kékeré, tó sì ń le lára wọn. Iṣẹ́ yìí ló mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur ní 2005. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni í mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníṣòwò ìlú tí a wà yìí ti mọ èyí ṣáájú wa. Ní 1961, Eugene McDermott, Cecil Green àti Erik Jonsson, àwọn tó dá Texas Instruments sílẹ̀, rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé ń fi Texas sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Wọ́n fi owó wọn dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀. Ní 1969, wọ́n fi í ta ìpínlẹ̀ lọ́rẹ, òun ló sì di UT Dallas ní Richardson, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ. Ní 2007, àwọn olùdìbò Texas fọwọ́ sí i kí ìpínlẹ̀ ná 3 bílíọ̀nù dọ́là lórí ìwádìí jẹjẹrẹ, wọ́n sì tún fọwọ́ sí 3 bílíọ̀nù mìíràn ní 2019. Owó orí tí àwa náà ń san wà níbẹ̀. Tí a bá ti dá owó, ó yẹ ká wà lára àwọn tí yóò kó o.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ṣé a ti gbàgbé Kano ni?" A kò gbàgbé. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, 11 nínú wọn ló kú. Iléeṣẹ́ náà ní kì í ṣe oògùn òun ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n ní 2009 ó gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là. Ìbẹ̀rù wa ní ìdí. Àmọ́ bí àwọn ọmọ wa kò bá sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣètò ìdánwò, ta ni yóò sọ níbẹ̀ pé, "Èyí kò bójú mu, ẹ dúró"?

Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ náà kò dáni lójú. Òótọ́ ni pé ní 2025 ìjọba àpapọ̀ fagi lé ọ̀pọ̀ owó ìwádìí, ó sì dun àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ń jáde pẹ̀lú gbèsè ńlá. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n gbà fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì, ẹnjiníà tàbí ètò ìnáwó kì í san owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n tún ń fún un ní owó díẹ̀ tí yóò fi máa jẹun. Oyè másítà ni wọn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ẹ má da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ owó orí ibẹ̀. Èyí tó bá lọ sórí owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé tí kíláàsì béèrè, ìjọba kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi san owó ilé àti oúnjẹ, owó orí wà lórí rẹ̀. Tí ilé ẹ̀kọ́ kò bá yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ọmọ máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀, kó sì máa san án fún IRS lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kí gbèsè má baà ká a mọ́ ní oṣù kẹrin. Láti 2020, òfin tún gbà kí wọ́n lè tìdí irú owó tó ní owó orí yìí fi díẹ̀ sínú IRA fún ọjọ́ ogbó.

Ẹ̀yin tí ilé ìwòsàn bá sì pè pé kí ẹ wá kópa nínú ìwádìí, ẹ má sá, ẹ má sì fọwọ́ síwèé láìkà á. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ bi wọ́n pé: Ta ló ń náwó sí i? Kí ni ẹ máa fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe lẹ́yìn èyí, ṣé ẹ lè tà á? Tí nǹkan bá ṣe mí, ta ni yóò san owó ìtọ́jú? Ṣé mo lè jáde nígbà tó bá wù mí? Ṣé ẹ ó sọ èsì fún mi? Owó tí wọ́n bá sì fún yín fún kíkópa, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ tí ẹ ná tí wọ́n dá padà, owó tó wọlé ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àbá tí mo gbé wá síwájú ẹgbẹ́ kò pọ̀. Àríyá wa dára, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká dákẹ́ ayẹyẹ. Àmọ́ kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí a ń ná sórí àríyá ọdọọdún, kí a fi san owó fọ́ọ̀mù àti ìdánwò fún ọmọ wa tó bá fẹ́ wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé, kí a sì fi ran akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ nílé tó bá ń wádìí ohun tó kan ìlú wa, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ọjà, ìbáà ṣe ìtàn. Kó wá ròyìn iṣẹ́ náà fún wa lédè Yorùbá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí ọmọ yín bá tún wá pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀ kékeré yẹn, ẹ bi í pé ṣé ìyẹn ni yóò máa jẹ. Ẹ wá jókòó, kí ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dópin.

Ọlọ́run á jẹ́ ká kérè oko délé. Àṣẹ.