Ẹni Tó Jẹ́ Àgbà Níbi Iṣẹ́

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká wo òwe yìí dáadáa. Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ wà, ọjà tí ìyá ń ná ló kọjú sí. Ojú rẹ̀ kò lè tó orí ọmọ. Àgbà tó dúró nítòsí ló rí i, òun náà ló sì yẹ kó tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ibi iṣẹ́ rí. Ẹ wo ilé búrẹ́dì lóru. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ti ìyẹ̀fun pípò bọ àárín irin róbótó méjì tó ń yí. Oorun ń kùn ún, ọ̀gá sì fẹ́ kí búrẹ́dì jáde kílẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ti yọ ìdérí tó ń dáàbò bo ọwọ́ kúrò tipẹ́, torí wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Bí irin bá fa ìka rẹ̀ wọlé, ohun tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kò farabalẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n yọ ìdérí? Bákan náà, nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ kan ní Odógunyàn, Ìkòròdú, lọ́dún 2002, ìlẹ̀kùn títì ló há àwọn òṣìṣẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ sì kú. Ìfarabalẹ̀ wo ni yóò ṣí ìlẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni?

Bí ẹnì kan bá fara pa, iṣẹ́ àgbà kò tíì tán. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Ìka tó bá já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí omi rin díẹ̀ wé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ tó gbé ọ̀rá náà lé yìnyín. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ kan ìka náà. Ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Òfin ọdún 2010 lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tó fara pa ní Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, ó sì fún ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ náà, létí. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá ń san fún àjọ náà, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn. Owó oògùn díẹ̀ àti àdúrà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kò lè rọ́pò ẹ̀tọ́ tí òfin yìí fún òṣìṣẹ́.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ dá ìdérí padà sára ẹ̀rọ, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn, ẹ san owó tó yẹ. Ẹni tó gbà kí wọ́n máa pe òun lọ́gàá ti gba iṣẹ́ àgbà.