Ọba Ghezo Níwájú Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀wò kí olúkúlùkù wa tó padà sí ìlú rẹ̀ láti di olùkọ́. Báwo ni a ó ti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn ọba jagunjagun?

Ẹ jẹ́ kí a fi Ghezo, ọba Dàhòmì, ṣe àpẹẹrẹ. Ó gorí oyè ní 1818, ó sì jọba títí di 1858. Òun ni ó já àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn Dàhòmì, tí wọn kò fi san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin mọ́. Ìkòkò oníhò ni àmì rẹ̀: bí gbogbo ọmọ ìlú bá fi ìka dí àwọn ihò náà, omi kò ní jò. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣúra 26 tí wọ́n kó ní Abomey padà fún Benin ní 2021, ère rẹ̀ wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Ẹ̀gbá léèrè. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, ogun Ghezo dé Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ẹ bi àwọn Ànàgó pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ogun Dàhòmì kó, tí a tà ní èbúté Ouidah, tí wọn kò fojú kan ilé mọ́. Libreville tí a wà yìí pàápàá, Ìlú Òmìnira ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ní 1849, nígbà tí Ghezo ṣì wà lórí oyè, ni a kó àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú kan, Elizia, wá tẹ̀dó síhìn-ín. Wọn kò ti Ouidah wá, ṣùgbọ́n òwò kan náà ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí bá. Ère Richard Ọlọ́kàn Kìnnìún dúró níwájú ilé aṣòfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó jọba láti 1189 sí 1199, síbẹ̀ kò lò tó ọdún kan ní ilẹ̀ wọn; ní 1191 ó sì ní kí a pa ẹlẹ́wọ̀n tí ó ju 2,000 lọ ní Acre.

Àwọn kan yóò wí pé irú ẹ̀kọ́ báyìí yóò dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí olùkọ́ bá fi pamọ́, ọmọ yóò gbọ́ ọ nílé, tòun ti ìbínú. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Ìmọ̀ràn mi ni pé, nínú ẹ̀kọ́ kan náà, kí a sọ ti ìkòkò oníhò, kí a sì sọ ti ẹni tí a dè lọ sí Ouidah. Àwọn akéwì ààfin ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Kí àwa olùkọ́ náà ṣe tiwa.