Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó fúyẹ́, tó sì dín lówó: ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Bí ẹ bá gba Computer Village ní Ìkẹjà kọjá lásìkò yìí, tàbí tí ẹ yà sí àgbègbè Queen Cinema ní Ìbàdàn, ẹ ó rí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sórí tábìlì bí ẹni to búrẹ́dì. Àwọn tó tín-ín-rín, tó fúyẹ́, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, ni wọ́n máa ń tò síwájú. Ọlọ́jà á ní, "Ẹ wò ó, Mummy, London use ni o, Core i7 ni, kò sí ohun tó ṣe é." Ẹ gbé e, kò wúwo. Ẹ béèrè owó rẹ̀, kò ga bí ẹ ṣe rò. Ọwọ́ ti fẹ́ wọ àpò nìyẹn.

Ẹ dúró ná. Ìbéèrè kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa: kí ló dé tí ọ́fíìsì kan lókè òkun fi gbé kọ̀ǹpútà tó ṣì ń dán báyìí jù sílẹ̀? Apá kan ìdáhùn náà wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ọjọ́ náà ni ilé iṣẹ́ Microsoft fòpin sí àtìlẹyìn tó ń ṣe fún Windows 10, ìyẹn ètò tó ti ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kárí ayé láti ọdún 2015. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kú lọ́jọ́ náà o. Ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yí padà ni pé àtúnṣe ààbò tó máa ń wọlé lóṣooṣù kò wá mọ́. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò lè rí i gbà títí di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026, ṣùgbọ́n àfikún lásán nìyẹn, kò lè tọ́jọ́.

Ẹ fi wé ilé tí wọ́n ti yọ ọdẹ rẹ̀ kúrò. Ilé ṣì dúró, ilẹ̀kùn ṣì ń tì. Àmọ́ bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri, kò sẹ́ni tó máa dí i. Ẹni tó bá ń fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wọ àkáǹtì báńkì rẹ̀ ń fi ewu ṣeré.

Windows 11 ló rọ́pò rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún kọ̀ǹpútà tó ti ń lo Windows 10 tẹ́lẹ̀ tó bá kúnjú òṣùwọ̀n. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Microsoft ní kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ ní RAM 4GB ó kéré tán, kó ní àyè ìkópamọ́ 64GB, kó ní ẹ̀ṣọ́ ààbò kan nínú tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, kí ọpọlọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Fún àwọn tó ń lo ọpọlọ Intel, àfi díẹ̀ péré, ìran kẹjọ ni ìfọwọ́sí ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní "8th gen", tó jáde lọ́dún 2017. AMD náà ní àkójọ tiwọn.

Ọ́fíìsì tó bá ní ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìran kẹfà tàbí ìkeje nílẹ̀ ní láti ronú àtipààrọ̀ wọn. Ibo ni èyí tí wọ́n bá pààrọ̀ ń gbà? Apá kan lára wọn ń gba èbúté tiwa wọlé. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ohun kan náà tó mú kí ọjà dín lówó lè jẹ́ ohun tó máa mú kí ẹni tó rà á kábàámọ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ìdí kìíní ni owó. Kí ìjọba tó fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó di 2024, ó kọjá 1,500. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń ta ní 300 dọ́là, tó jẹ́ nǹkan bíi 138,000 náírà tẹ́lẹ̀, di 450,000. Láptọ́ọ̀pù náà kò yí padà, owó wa ló yí padà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 sì jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn máa ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ, láìjẹ, láìmu, kó tó lè ra ọ̀kan. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó tí èèyàn máa fi kọ́gbọ́n.

Ìdí kejì ni àwọn ọmọ wa. JAMB ti kúrò lórí bébà pátápátá láti 2015. Ní 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìdánwò WAEC àti NECO náà ń lọ sórí kọ̀ǹpútà, pé ìjọba fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ní 2026. Awuyewuye ti wà lórí bóyá àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ti ṣe tán. Ohun yòówù kó jẹ́, ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan kíbọọ̀dù rí, gbọ̀ngàn ìdánwò kọ́ ló yẹ kó ti kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń wá kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo ilé á jọ máa lò: ìyá á fi kọ ìṣirò ọjà rẹ̀, bàbá á fi ka ìròyìn, ọmọ á fi dánra wò.

Ìdí kẹta ni iná, òun ló sì jẹ́ kí èyí tó fúyẹ́ wúlò fún wa ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti 68 náírà sí 225 lórí wákàtí kílówáàtì kan. Iye náà ti lọ sókè sódò díẹ̀ látìgbà náà, àmọ́ kò padà síbi tó wà. Láptọ́ọ̀pù kékeré kì í jẹ iná púpọ̀. Ṣájà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ wáàtì 45 sí 65. Bí ti wáàtì 45 bá ṣiṣẹ́ dé góńgó fún wákàtí márùn-ún, ní 225 náírà yẹn, nǹkan bíi 51 náírà ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, bátìrì rẹ̀ á gbé e títí ẹ ó fi parí ohun tí ẹ ń ṣe, láìsí pé ẹ sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀. Ìyẹn bí bátìrì bá ṣì dáa o.

"Core i7 ni o!"

Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn jù nìyí. i3, i5 àti i7 kàn ń sọ ipò tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ni. Kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ rárá. Ọjọ́ orí wà nínú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí i7-4600U, 4 tó ṣáájú yẹn ń sọ pé ìran kẹrin ni. Bí ẹ bá rí i5-8250U, ìran kẹjọ nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ 10 tàbí 11 ló ṣáájú, bíi i5-1035G1 tàbí i5-1135G7, ìran kẹwàá àti ìkọkànlá ni. i5-8250U tí à ń wí yìí ní kọ́ọ̀ mẹ́rin tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú, nígbà tí i7-4600U ní méjì péré. Àbúrò ju ẹ̀gbọ́n lọ níbẹ̀.

Ẹ tún fetí sí èyí: pé Windows 11 ló hàn lójú kọ̀ǹpútà kò tó ẹ̀rí. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà tí wọ́n ń gbà fi Windows 11 sínú kọ̀ǹpútà tí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Microsoft sì ti sọ ọ́ pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú èyí. Nítorí náà, nọ́ńbà ọpọlọ rẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ohun tí fífúyẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni

Láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 13 tàbí 14 sábà máa ń wọn nǹkan bíi kílò kan àti díẹ̀ sí kílò kan àbọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ti ínṣì 15.6 ń sún mọ́ kílò méjì tàbí kí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó tó lè fúyẹ́, wọ́n ní láti yọ nǹkan kúrò. Nínú ọ̀pọ̀ lára wọn, wọ́n ti jó RAM pọ̀ mọ́ pátákó inú rẹ̀, kò ṣeé yọ, kò ṣeé fi kún. Bí ẹ bá ra 4GB, 4GB náà ni ẹ ó máa bá yí títí ọjọ́ tó máa kú. Ẹ má tẹ́tí sí ẹni tó bá ní, "Ẹ rà á bẹ́ẹ̀, a ó fi kún un tó bá yá," àfi bó bá ṣí i hàn yín. Fún lílò inú ilé lónìí, 8GB ló yẹ kí ẹ wá.

Ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí náà ńkọ́? SSD 256GB dára fún ilé. Àwọn kan wà tó rẹwà, tó fúyẹ́ bí ìwé, ṣùgbọ́n eMMC 32GB tàbí 64GB ló wà nínú wọn. Windows nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ti 32GB dẹ́nu, kò ní sí àyè fún àtúnṣe mọ́, ó sì máa ń lọ́ra.

Chromebook náà wà lórí àtẹ, ó sì máa ń dín lówó gan-an. Kì í ṣe Windows o. Ó dára fún ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí dátà kò wọ́n fún. Àmọ́ òun náà ní ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ máa parí, ọjọ́ náà sì wà nínú ètò rẹ̀ fún ẹni tó bá wá a. Ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí i hàn yín.

Ohun márùn-ún tí ẹ máa ṣe níwájú ọlọ́jà

Ìkíní, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, kí ẹ tẹ About. Ẹ ó rí orúkọ ọpọlọ rẹ̀ àti iye RAM níbẹ̀. Bí ohun tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ fún yín, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀.

Ìkejì ni bátìrì. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Á ṣe ìwé kan tó ń sọ iye iná tí wọ́n ṣe bátìrì náà láti gbà àti iye tó ń gbà báyìí. Bó bá jẹ́ pé 50,000 ni wọ́n ṣe é fún, tó wá jẹ́ pé 20,000 ló ń gbà mọ́, kò tó ìlàjì agbára rẹ̀ tó kù. Ẹ tún yọ ṣájà kúrò, kí ẹ lò ó fún ogún ìṣẹ́jú lórí ìjókòó.

Ìkẹta, ẹ ní kí wọ́n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀ níṣojú yín, kí wọ́n sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá wá ń béèrè ímeèlì ilé iṣẹ́ kan lókè òkun, wọ́n ṣì fi okùn so ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún wọn.

Ìkẹrin, ẹ tẹ gbogbo kíbọọ̀dù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo kámẹ́rà, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá ó ń gba ṣájà USB-C. Láti ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 2026, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní dandan ni kí láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ máa gba USB-C. Fún wa, àǹfààní rẹ̀ ni pé ṣájà rẹ̀ á rọrùn láti rí lọ́jà bí ti àkọ́kọ́ bá bà jẹ́.

Ìkarùn-ún, ẹ gba rìsíìtì. Kí nọ́ńbà ara kọ̀ǹpútà náà wà lórí rẹ̀, kí iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sì wà níbẹ̀ ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìjọba náà ní tiwọn láti ṣe

Láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2025, àdéhùn àgbáyé Basel ti le sí i: kò sí pàǹtírí ẹ̀rọ iná tó gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó máa gbà á ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àjọ NESREA ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìyẹn dára. Àmọ́ ohun tí irú òfin yìí ń wò jù ni bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ààbò rẹ̀ ti tán ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ló ń gbà wọlé, kì í ṣe fèrèsé.

Bí a bá fẹ́ ra mílíìkì inú agolo, a máa ń yí i po láti wo ọjọ́ tó máa bà jẹ́. Kí ló dé tí ohun tó gba owó oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni kò fi ní tirẹ̀ lára? Kí wọ́n fi dandan lé e pé kí ọlọ́jà lẹ bébà mọ́ gbogbo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, kó kọ ìran ọpọlọ rẹ̀ sí i, bátìrì tó kù, àti bóyá ó kúnjú òṣùwọ̀n Windows 11. Kò ní ná ìjọba lówó púpọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìdúró de òfin, kí orúkọ ọjà wọn lè dára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ti ìran àtijọ́ sílé, ẹ má sọ ọ́ nù. Ọmọ lè máa fi kọ́ títẹ kíbọọ̀dù, ẹ sì lè ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi Linux Mint sí i, ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe ààbò rẹ̀ sì ń wọlé. Títí di ìgbà yẹn, ẹ má fi wọ báńkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, ìran kẹjọ lọ sókè, RAM 8GB, SSD 256GB, bátìrì tó ṣì lágbára. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ fara mọ́ èyí tó wúwo díẹ̀ tàbí tí ara rẹ̀ ha, kí inú rẹ̀ ṣáà pé. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá.